Ta ni yóò gba ọmọ yìí síṣẹ́? Ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ń pè ní transgender

Àárọ̀ kùtùkùtù ni èbúté Igbókọ̀dá ti máa ń kún. Àwọn ọkọ̀ ojú omi kan á máa já ẹja, edé àti èrò sílẹ̀, àwọn mìíràn á sì máa kó epo, ìrẹsì àti ọjà oríṣiríṣi lọ sí àwọn ìlú tó wà létí òkun. Bí èèyàn bá dúró síbẹ̀ fún wákàtí kan péré, yóò rí i pé iṣẹ́ ní ojúlé tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Ìlàjẹ. Àwọn ọkùnrin ló sábà máa ń ju àwọ̀n, àwọn ló ń wa ọkọ̀, àwọn ló sì ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Àwọn obìnrin ló ń gba ẹja lọ́wọ́ wọn, àwọn ló ń yan án, àwọn náà ló ń gbé e lọ sọ́jà. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n.

Àmọ́, bí ọmọ kan bá wà ńkọ́, tí wọ́n bí ní ọmọkùnrin, tí wọ́n sọ lórúkọ ọkùnrin, tí bàbá rẹ̀ ń mú un lọ sójú omi láti kọ́ àwọ̀n jíjù, àmọ́ tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ láti kékeré pé obìnrin lòun? Bó bá sọ ọ́ síta, ó ṣeé ṣe káwọn ọkùnrin lé e kúrò nínú ọkọ̀. Ó sì ṣeé ṣe káwọn obìnrin lé e kúrò nídìí ẹja. Kí ni yóò wá máa jẹ?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti etí omi nìkan. Láti Èkó dé London, láti Nairobi dé Amẹ́ríkà, òun ló máa ń kojú àwọn tí aráyé ń pè ní transgender kété tí wọ́n bá ti sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ síta: ta ni yóò gbà wọ́n síṣẹ́?

KÍ LÓ Ń JẸ́ TRANSGENDER?

Ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, Yorùbá kò sì tíì ní orúkọ kan tí gbogbo èèyàn fohùn ṣọ̀kan lé lórí fún un. Ẹni tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ohun tó mọ ara rẹ̀ sí, ọkùnrin ni tàbí obìnrin, yàtọ̀ sí ohun tí agbẹ̀bí pè é lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Àwọn mìíràn lára wọn máa ń lo oògùn láti yí ara wọn padà, àwọn mìíràn máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ ni kò sì ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Orúkọ, aṣọ àti ìrísí nìkan ni wọ́n yí padà. Ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹni tí èèyàn ń bá sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn máa ń da méjèèjì pọ̀.

Bí wọ́n bá ti mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà, Bobrisky ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń rántí. Àmọ́ nígbà tí Bobrisky, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Idris Okuneye, dé iwájú ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó lóṣù kẹrin ọdún 2024, lórí ẹ̀sùn pé ó ń fọ́n owó náírà lóde àríyá, tí adájọ́ sì bi í léèrè, ọkùnrin ló ní òun jẹ́. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni wọ́n sọ ọ́ sí. Ìyẹn ni pé aṣọ tí èèyàn wọ̀ kọ́ ni yóò sọ bóyá ó jẹ́ transgender tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, àwọn dókítà máa ń ka ọ̀rọ̀ yìí mọ́ àìsàn ọpọlọ. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ìwé tí wọ́n fi ń to àwọn àìsàn lẹ́sẹẹsẹ ṣe, wọ́n yọ ọ́ kúrò lábẹ́ àìsàn ọpọlọ. Ọdún 2019 ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ìwé tuntun ọ̀hún, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022 ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

FOLA FRANCIS, ẸNI TÓ JÁDE SÍ GBANGBA

Ní Nàìjíríà, àwọn tí wọ́n gbé ojú sókè sọ pé transgender làwọn kò pọ̀. Ọ̀kan lára wọn ni Fola Francis. Iṣẹ́ aṣọ ló ń ṣe l'Ékòó, ó sì tún ń fi aṣọ àwọn aránṣọ mìíràn hàn fáwọn oníbàárà. Kò fi irú ẹni tó jẹ́ pa mọ́. Lọ́dún 2022, ó gun orí pèpéle níbi Lagos Fashion Week, ayẹyẹ ńlá tí wọ́n ti máa ń fi aṣọ tuntun han aráyé lọ́dọọdún. Òun ni wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó wà ní gbangba gẹ́gẹ́ bí obìnrin transgender tí yóò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn dáadáa. Àwọn aránṣọ kan ní aṣọ tí wọ́n fẹ́ tà. Wọ́n nílò ẹni tó lè wọ̀ ọ́ kó sì rìn nínú rẹ̀ tí yóò fi wu àwọn tó ń wò ó. Fola Francis mọ iṣẹ́ náà, wọ́n sì gbé iṣẹ́ fún un. Ayẹyẹ náà kò dàrú nítorí pé ó wà níbẹ̀. Nílùú kan náà, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má ríṣẹ́ akọ̀wé, iṣẹ́ ìránṣẹ́ tàbí iṣẹ́ ìsìnrú ìlú pàápàá láìfi ara rẹ̀ pa mọ́. Èyí ló jẹ́ kí ohun tí àwọn aránṣọ náà ṣe jẹ́ nǹkan.

Àmọ́, kò pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Lóṣù kejìlá ọdún 2023, omi òkun gbé e lọ ní etíkun kan l'Ékòó. Bí àwọn kan ṣe ń dárò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn mìíràn ń fi ikú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ará Ìlàjẹ tó bá gbọ́ èyí yóò mọ̀ ọ́n lára. Òkun kan náà tó na apá rẹ̀ láti Èkó ló kọjá níwájú Ayétòrò àti àwọn ìlú tó yí i ká. Ó ṣòro kéèyàn tó rí ìdílé kan létí omi tí kò mọ ẹnì kan tí omi gbé lọ. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, kò sẹ́ni tó ń bi òkú léèrè irú ẹni tó jẹ́ kó tó bẹ́ sómi láti wá a. Omi kò mọ akọ, kò mọ abo. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún òkú, ó yẹ ká bi ara wa léèrè ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀ fún alààyè tó ń wá oúnjẹ òòjọ́.

ÈDÈ WA ÀTI ÀṢÀ WA

Láwọn ọ́fíìsì ní London àti Amẹ́ríkà, ọ̀kan lára ohun tó máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tọ́ka sí èèyàn. Nínú èdè òyìnbó, bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan ti dé, wọ́n sábà máa ń fi hàn bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Yorùbá kò ní wàhálà yẹn. “Ó ti dé” la máa ń sọ, ì báà jẹ́ ọba, ì báà jẹ́ ìyálọ́jà, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Bó bá jẹ́ àgbà, “wọ́n ti dé” ni. Ọjọ́ orí àti ipò ni èdè wa ń bọ̀wọ̀ fún níbẹ̀. Kò béèrè ohun tó wà lábẹ́ aṣọ.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀ yẹn. Ibi ìkíni ni wàhálà tiwa wà. Ọmọ iṣẹ́ tó dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ṣé yóò dọ̀bálẹ̀ ni àbí yóò kúnlẹ̀? Bó bá ti tẹ̀ síwájú ọ̀gá rẹ̀, gbogbo ilé ti mọ ibi tó fi ara rẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni “bọ̀dá” àti “àǹtí,” “bàbá” àti “ìyá.” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, láti ẹnu ọ̀gá, lè mú kí ara tu ọmọ iṣẹ́ tàbí kó kó ìtìjú bá a lójú àwọn oníbàárà.

Àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá sì mọ̀ pé orúkọ tí a ń pe èèyàn kì í fìgbà gbogbo tẹ̀ lé ara. Ìyàwó tuntun tó bá wọlé ọkọ, kì í ṣe ọkùnrin tó gbé e níyàwó nìkan ló ń pè ní ọkọ. Àwọn ọmọ ilé náà tó bá níbẹ̀, títí kan àwọn ọmọbìnrin, ọkọ ni wọ́n jẹ́ fún un. Ìyàwó lè máa kúnlẹ̀ kí ọmọbìnrin kékeré pé “ọkọ mi,” kò sì sẹ́ni tí yóò rò pé ojú rẹ̀ ti fọ́. Ipò tí ọmọ náà wà nínú ilé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ ìwé kan lórí irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1997. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé kí òyìnbó tó dé, ọjọ́ orí àti ìdílé ni Yorùbá fi ń to èèyàn sí ipò, kì í ṣe akọ àti abo.

Ẹni tó bá sì ti wo ọdún Ṣàngó rí yóò ti rí ẹlégùn Ṣàngó tó jẹ́ ọkùnrin, tó di irun bí obìnrin, tó wọ aṣọ tó dà bí yẹ̀rì. Ọkùnrin tí wọ́n bá fi jẹ òrìṣà, “ìyàwó òrìṣà” ni wọ́n ń pè é. Lọ́dọ̀ àwọn ará Kétu, ọkùnrin ló máa ń gbé eégún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, wọn a fi gèlè àti ìró múra bí obìnrin láti fi yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Lọ́dún 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá tó jẹ́ ti gbogbo ayé.

Èyí kò sọ pé transgender làwọn ẹlégùn Ṣàngó tàbí àwọn tó ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Iṣẹ́ òrìṣà ni wọ́n ń ṣe, bí wọ́n bá sì ti ṣe é tán, wọn a padà sílé bíi bàbá ilé. Ohun tó kàn fi hàn ni pé kò sí òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé ojú Yorùbá kò rí ọkùnrin nínú aṣọ obìnrin rí àfi ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ NÍ NÀÌJÍRÍÀ

Ìdí pàtàkì wà tí ọ̀pọ̀ fi ń fi ara wọn pa mọ́. Lóṣù kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó dènà ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ló wà fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sì wà fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tó kópa nínú rẹ̀. Òfin náà kò dárúkọ transgender, àmọ́ àwọn ọlọ́pàá àti aráàlú kì í fìgbà gbogbo ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Láwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń lo òfin ṣàríà lókè ọya, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọkùnrin múra bí obìnrin. Lọ́dún 2022, wọ́n gbé àbá kan wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá pé kí irú ìmúra bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà, kí ẹni tó bá ṣe é sì lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san owó ìtanràn 500,000 náírà. Àbá náà kò di òfin títí sáà ilé ìgbìmọ̀ yẹn fi parí lọ́dún 2023, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ kò tán lára àwọn tọ́rọ̀ kàn.

Abala 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní wọn kò gbọdọ̀ ya èèyàn sọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ibi tó ti wá, ẹ̀sìn rẹ̀, èrò òṣèlú rẹ̀, tàbí nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Kò sí ibi tó ti dárúkọ ẹni tó jẹ́ transgender. Nítorí náà, bí ọ̀gá kan bá lé irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí òfin kan pàtó tó lè nawọ́ sí láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sì pàdánù iṣẹ́, ìyà kì í dá wá. Owó ilé ń bọ̀, onílé á lé e, ilé bàbá rẹ̀ sì lè ti tì í síta ṣáájú.

LẸ́TÀ KAN TÓ GBÉ ẸJỌ́ DÉ ILÉ ẸJỌ́ TÓ GA JÙ L'ÁMẸ́RÍKÀ

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Aimee Stephens l'Ámẹ́ríkà jẹ́ ká rí bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣe máa ń rí. Iṣẹ́ ìsìnkú ló ń ṣe ní ìpínlẹ̀ Michigan. Òun ló máa ń tún òkú ṣe, tó sì máa ń bá àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ ṣètò ìsìnkú èèyàn wọn. Ó ti lo bí ọdún mẹ́fà nílé iṣẹ́ ọ̀hún pẹ̀lú orúkọ ọkùnrin àti kóòtù ọkùnrin. Lóṣù keje ọdún 2013, ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀ àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ní obìnrin lòun, àti pé bí òun bá dé láti ibi ìsinmi, aṣọ tí ilé iṣẹ́ náà là kalẹ̀ fáwọn obìnrin lòun yóò máa wọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọ̀gá rẹ̀ lé e. Kì í ṣe pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dára. Ọ̀gá náà jẹ́ Kristẹni, ó sì ní ohun tí òṣìṣẹ́ òun fẹ́ ṣe lòdì sí àṣẹ Ọlọ́run. Stephens kò gbà, ó gbé ẹjọ́ náà lọ, ẹjọ́ ọ̀hún sì ń lọ fún ọdún bíi méje.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù l'Ámẹ́ríkà dá ẹjọ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn méjì mìíràn. Adájọ́ mẹ́fà lára mẹ́sàn-án ní òfin kò gba kí ọ̀gá lé òṣìṣẹ́ nítorí pé ó jẹ́ transgender. Ó ṣe ni láàánú pé Stephens kò gbọ́ ìdájọ́ náà. Ó ti kú lóṣù karùn-ún ọdún yẹn, nígbà tó ku bí oṣù kan kí wọ́n ka ìdájọ́. Ẹni tó ti bá ọ̀pọ̀ ìdílé sin òkú wọn ti wọ ilẹ̀ kí ẹjọ́ tirẹ̀ tó parí.

Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn lọ́hùn-ún títí di ìsinsìnyí. Ìjọba tó gorí àlééfà l'Ámẹ́ríkà lóṣù kìíní ọdún 2025 pàṣẹ pé akọ àti abo tí wọ́n bí èèyàn mọ́ nìkan nìjọba àpapọ̀ yóò máa kà sí. Ní Britain, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́, òfin ọdún 2010 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ lé òṣìṣẹ́ tàbí fìyà jẹ ẹ́ nítorí pé ó ń yí padà láti ọkùnrin sí obìnrin tàbí láti obìnrin sí ọkùnrin. Lóṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ sọ pé bí òfin náà bá ti pe obìnrin, ẹni tí wọ́n bí ní obìnrin ló ń sọ. Síbẹ̀, àwọn adájọ́ náà sọ pé ààbò tí àwọn transgender ní lábẹ́ òfin kan náà kò kúrò.

ÌWÉ Ẹ̀RÍ TÍ KÒ BÁ ỌLỌ́WỌ̀ RẸ̀ MU

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wá iṣẹ́ rí mọ̀ pé ìwé ẹ̀rí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ní Kenya, Audrey Mbugua kàwé dé yunifásítì. Ìwé ẹ̀rí ìdánwò àṣejáde girama tó gbà lọ́dún 2001 ni orúkọ ọkùnrin wà lórí rẹ̀, àmọ́ obìnrin ló ń dé iwájú àwọn tó ń gbani síṣẹ́. Bí wọ́n bá ti wo ìwé, tí wọ́n wo ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ di bí ẹni tó jí ìwé oníwèé. Ó gbé àjọ tó ń ṣe ìdánwò lọ sílé ẹjọ́. Lóṣù kẹwàá ọdún 2014, ilé ẹjọ́ gíga ní Nairobi pàṣẹ pé kí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà lórí ìwé náà, kí wọ́n sì yọ ibi tí wọ́n kọ akọ tàbí abo sí kúrò.

Yíyí orúkọ padà kì í ṣe nǹkan tuntun ní Nàìjíríà. Ìyàwó tó gba orúkọ ọkọ máa ń lọ búra nílé ẹjọ́, á sì kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ẹni tó yí ẹ̀sìn padà náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó la ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó jẹ́ transgender láti yí akọ tàbí abo tó wà nínú ìwé rẹ̀ padà.

KÍ LÓ YẸ KÍ Ọ̀GÁ IṢẸ́ ṢE?

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá nìyí, pé kò kan ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, tó ń ránṣọ tàbí tó ń yan ẹja. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóṣù kọkànlá ọdún 2022, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn kan tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe lọ́dún 2019 láti dènà ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́. Àdéhùn náà kan òṣìṣẹ́ ìjọba àti aládàáni, ó kan ìlú ńlá àti ìgbèríko, ó kan ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ àti ẹni tó ń wá iṣẹ́. Kò sọ pé transgender nìkan ló ń dáàbò bò, ṣùgbọ́n kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Nínà, ìbú, ìfọwọ́kàn tí èèyàn kò fẹ́ àti ìfiniṣẹ̀sín kò tọ́ sí òṣìṣẹ́ kankan.

Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é dáadáa, kò gba owó púpọ̀. Ẹ̀kíní ni pé wọ́n ń pe òṣìṣẹ́ ní orúkọ tó ní kí wọ́n máa pe òun. Orúkọ tó wà nínú ìwé lè wà lọ́dọ̀ akápò àti báńkì nítorí owó oṣù. Ẹ̀kejì ni pé bó bá fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lọ ọ̀gá, ẹnu ọ̀gá gbọ́dọ̀ mọ níbẹ̀. Ní irú orílẹ̀-èdè bíi tiwa, ẹni tó bá tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀ lè fi ẹ̀mí ọmọlọ́mọ wéwu. Kò sì yẹ kí ọ̀gá kankan fi dandan mú un pé kó sọ irú ẹni tó jẹ́. Ẹ̀kẹta ni ilé ìyàgbẹ́. Yàrá kan tó ní ilẹ̀kùn àti ìdè, tí ẹnikẹ́ni lè dá wọ̀, ti parí ọ̀pọ̀ ìjà láìjẹ́ pé ojú ti ẹnì kankan, tọkùnrin tobìnrin. Ẹ̀kẹrin ni pé kí ọ̀gá kìlọ̀ fún àwọn tó kù láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tó bá na èèyàn tàbí tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ yóò jìyà rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún ni owó. Iye tí wọ́n ń san fún ẹlòmíràn lórí iṣẹ́ kan náà ni kí wọ́n san fún un, torí pé àwọn kan máa ń lo àǹfààní pé kò síbi tó lè lọ.

ÀWỌN TÍ KÒ FARA MỌ́ Ọ̀N

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni yóò sọ pé Bíbélì tàbí Kùránì kò gba ọ̀rọ̀ yìí láyè. Ìgbàgbọ́ wọn nìyẹn, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Àmọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo tó ń ti Igbókọ̀dá lọ, èèyàn lè bá Kristẹni, Mùsùlùmí àti olórìṣà níbẹ̀. Ẹnì kìíní gbà pé ẹnì kejì ti ṣìnà. Síbẹ̀, wọ́n jọ jókòó, wọ́n jọ san owó ọkọ̀, wọ́n sì jọ ń gbọ́n omi bí ìjì bá dé. Wọ́n ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ láìgba ohun tí ẹnì kejì gbà gbọ́.

Kì í sì ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn. Àwọn àgbà rántí ìgbà tí àrùn HIV kọ́kọ́ dé, tí wọ́n ń lé ẹni tó bá ní in kúrò níbi iṣẹ́, tí àwọn mìíràn kò tiẹ̀ fẹ́ bá a jẹun. Lọ́dún 2014, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ lé òṣìṣẹ́ tàbí kọ̀ láti gbà á síṣẹ́ nítorí àrùn náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbà kan wà láyé àtijọ́ tí ìbejì jẹ́ èèwọ̀ láwọn ibì kan nílẹ̀ Yorùbá. Lónìí, ìyá ìbejì ń jó káàkiri ọjà, wọ́n sì ń fún un lówó.

Àwọn ará Ìlàjẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní ohun tí ìlélé jẹ́. Lọ́dún 1947, àwọn onígbàgbọ́ kan tí àwọn ìlú tó wà nítòsí ń ṣe inúnibíni sí nítorí ẹ̀sìn wọn kó ẹrù wọn, wọ́n lọ tẹ Ayétòrò dó létí òkun. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹun, ohun ìní gbogbo wọn sì jẹ́ ọ̀kan. Wọ́n ń ja ẹja, wọ́n ń kan ọkọ̀, wọ́n ń ránṣọ, òkìkí wọn sì kàn kọjá Nàìjíríà débi pé àwọn òyìnbó ń wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn tí aládùúgbò wọn kà sí ẹni ìtanù ló kọ́ ìlú náà.

Kò sẹ́ni tó ń sọ pé àwọn àpọ́sítélì Ayétòrò fara mọ́ ọ̀rọ̀ transgender. Kò jọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí ìtàn wọn kọ́ni ni pé ìlú tó lé àwọn èèyàn kan jáde pàdánù iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ibi tó gbà wọ́n ló jèrè rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí ọmọ tí a fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yìí bá wà nílé ẹnì kan lónìí, ó ṣeé ṣe kó má tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń wo ẹnu bàbá àti ìyá rẹ̀, ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbọ́ ìròyìn. Bí kò bá rí ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́ nílé, yóò gbéra lọ sí Èkó tàbí ibi tó jìnnà ju Èkó lọ, ilé lè má sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan létí omi bá lè sọ fún un pé kó wá yan ẹja, pé kó wá tún ẹ́ńjìnnì ṣe, pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lòun yóò wò, yóò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọjà Igbókọ̀dá kò ní bi ẹja náà léèrè ẹni tó yan án. Bó bá ti gbẹ, tí kò jóná, wọn yóò rà á.